Louis Kahn

Louis Isadore Kahn (1901 – ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 1974) jẹ́ ayàwòrán-ilé àti ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí a bí ní Estonia. Ó wà lára àwọn ayàwòrán-ilé tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní ọ̀rúndún ogún. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Yale láti ọdún 1947 títí di ọdún 1957, lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní Yunifásítì Pennsylvania títí ó fi kú. Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà ni ó ṣe àwọn ilé tí ayé fi mọ orúkọ rẹ̀, tí Ilé-ìṣẹ́ Ìwádìí Salk ní California àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Dhaka wà lára wọn.

Ìgbésí ayé Kahn jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì nígbà tí a bá ń bèèrè bóyá ẹnìkan lè máa yàwòrán ilé fún oníbàárà, kí ó sì tún máa kọ́ni ní yunifásítì, láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì lára. Lọ́wọ́ tirẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ń bọ́ ara wọn. Yunifásítì tí ó ti ń kọ́ni ni ó gbé iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ fún un, ohun tí ó sì rí ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni ó ń gbé padà wá sí iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kò rí èyí gbà lọ́fẹ̀ẹ́: àkókò rẹ̀, owó rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ ni ó fi dí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

A bí Kahn sínú ìdílé Júù tí kò rí já jẹ, ní Estonia, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Leiser-Itze Schmuilowsky. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀yinná jó o lójú, àpá rẹ̀ kò sì parẹ́ títí ó fi di àgbàlagbà. Ní ọdún 1906, ìdílé náà kó lọ sí ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1915 ni bàbá rẹ̀ yí orúkọ ìdílé náà padà sí Kahn.

Owó kò sí nílé láti ra ohun ìyàwòrán fún ọmọ, nítorí náà èédú tí wọ́n rí láti ara igi jíjó ni Louis fi ń yàwòrán. Bí ó ti dàgbà díẹ̀, ó ń tẹ dùùrù ní ilé sinimá láti rí owó. Nígbà náà, sinimá kò tíì ní ohùn. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Central High School, ó gba ẹ̀kọ́ kan nípa iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ William Gray. Ẹ̀kọ́ yìí yí ọkàn rẹ̀ padà. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n kò gbà á mọ́. Ó ní ìyàwòrán-ilé ni òun fẹ́ ṣe.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì

Kahn kẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì gboyè jáde ní ọdún 1924. Paul Philippe Cret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni olùkọ́ tí ipa rẹ̀ hàn jùlọ lára rẹ̀. Cret fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Philadelphia tí ó ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé láti ìgbà tí Kahn ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ń wo ẹni tí ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn tí ó jáde, ó bá ìlú Philadelphia ṣiṣẹ́ lórí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àfihàn ńlá ti ọdún 1926, èyí tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún 150 ọdún òmìnira Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1928 ó rin ìrìn-àjò lọ sí Yúróòpù, ó sì ń ya àwòrán àwọn ilé àtijọ́ níbi gbogbo tí ó dé. Nígbà tí ó padà, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì Cret.

Àwọn ọdún àìríṣẹ́

Ní ọdún 1930, Kahn fẹ́ Esther Israeli. Ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé ní ọdún tí ó ṣáájú, iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì di ohun àwátì. Esther ń ṣiṣẹ́ nínú ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1932, Kahn àti Dominique Berninger kó àwọn ayàwòrán-ilé tí kò níṣẹ́ jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣèwádìí lórí bí a ṣe lè kọ́ ilé tí owó rẹ̀ kò ga fún àwọn tálákà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n yà kò kúrò lórí bébà.

Ní ọdún 1935, Kahn ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá George Howe àti Oscar Stonorov ṣe àwọn ilé gbígbé fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè ohun èlò ogun. Nígbà tí ọdún 1947 fi máa dé, ó ti pé ọmọ ọdún 46, kò sì tíì sí ilé kan tí ó kọ́ tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ìwọ̀nba ènìyàn ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ìkọ́ni ní Yale

Ní ọdún 1947, Yunifásítì Yale pe Kahn láti wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé. Ìlú New Haven ni Yale wà, Philadelphia sì ni ilé àti ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń wọ̀ lọ, tí ó sì ń wọ̀ bọ̀ láàrin ìlú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ní ìyàwòrán-ilé yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni iṣẹ́ ti ń lọ. Olùkọ́ a gbé ìṣòro kan kalẹ̀, bíi kí wọ́n yàwòrán ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ a lọ yà á, a ṣe àwòṣe rẹ̀, a sì fi àwòrán náà kọ́ sára ògiri. Olùkọ́ àti àwọn àlejò a wá dúró síwájú rẹ̀, wọn a bèèrè ìdí tí àtẹ̀gùn fi wà níbí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé, àti ohun tí yóò gbé òrùlé ró. Nítorí èyí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe máa ń wá ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà lọ́wọ́: ẹni tí ó ti bá kọ́lékọ́lé jiyàn, tí ó sì ti rí ibi tí òjò ń gbà wọ ilé, a tètè rí ibi tí àwòrán ti ń parọ́.

Kahn fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ yìí. Owó oṣù yunifásítì tún jẹ́ ohun tí ó ṣeé gbára lé ní àkókò tí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tíì pọ̀.

Róòmù àti Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọnà Yale

Ní ọdún 1950, Kahn lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ní Róòmù gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán-ilé tí wọ́n gbà lálejò. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Gríìsì àti Íjíbítì, ó sì ya àwọn òpó àtijọ́ àti àwọn ilé onígun mẹ́ta tí wọ́n sin àwọn Fáráò sí. Àwọn ògiri ńláńlá wọ̀nyí, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé wọn, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ilé tí ó nípọn, tí ó wúwo, tí kò fi ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ pamọ́, ni ó ń wá láti ìgbà náà lọ.

Róòmù ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951 nígbà tí ìròyìn dé pé Yale fẹ́ kí ó ṣe àfikún sí Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọnà wọn. George Howe, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí, ni olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé ní Yale nígbà náà, ó sì wà lára àwọn tí ó dábàá orúkọ rẹ̀. Kíláàsì tí ó ń kọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí fún un.

Wọ́n ṣí ilé náà ní oṣù Bélú ọdún 1953. Àjà rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ jùlọ: kọnkéré ni, tí wọ́n fi ṣe àwọn igun mẹ́ta mẹ́ta tí ó so mọ́ ara wọn, tí páìpù afẹ́fẹ́ àti wáyà iná sì gba inú ihò wọn kọjá. Kò sí pátákó kankan tí wọ́n fi bò ó. Anne Tyng, ayàwòrán-ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Kahn láti ọdún 1945, tí ó sì nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ nípa ìrísí àti ìṣirò wọn, kó ipa ńlá nínú irú èrò báyìí.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilé náà, òkè rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ilé lábẹ́ àjà tí olùkọ́ wọn fúnra rẹ̀ yà.

Ilé-ìwẹ̀ Trenton

Iṣẹ́ tí Kahn fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti rí ara òun kò tóbi rárá. Ilé ìpààrọ̀ aṣọ ni, fún àwọn tí ń wẹ̀ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Trenton ní New Jersey. Wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1955. Ilé mẹ́rin olórùlé ṣónṣó ni ó yí àgbàlá kan ká, búlọ́ọ̀kù kọnkéré tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà ni wọ́n sì fi mọ ògiri wọn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni àwọn òpó tí ó gbé òrùlé. Kahn kò ṣe wọ́n ní gbọnrangidi. Ó jẹ́ kí inú wọn ṣófo, kí wọ́n sì fẹ̀ tó láti gba ẹnu-ọ̀nà àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti mú èrò kan jáde tí ó fi kọ́ni títí ayé rẹ̀: nínú gbogbo ilé, àyè kan wà tí a ń sìn, àyè mìíràn sì wà tí ń sìn ín. Yàrá tí ènìyàn ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni a ń sìn. Àtẹ̀gùn, páìpù, ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ń sìn ín. Kahn ní kí ayàwòrán-ilé fún ìránṣẹ́ náà ní àyè tirẹ̀, kí ó má fi í há àlàfo ògiri bí ohun ìtìjú.

Yunifásítì Pennsylvania àti Ilé-ìṣẹ́ Ìwádìí Richards

Ní ọdún 1957, Kahn padà sí Yunifásítì Pennsylvania, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ rí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún náà gan-an ni yunifásítì yìí gbé iṣẹ́ ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn fún un, èyí tí à ń pè ní Ilé-ìṣẹ́ Ìwádìí Richards.

Ó fi èrò Trenton ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé gogoro tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kún fún fèrèsé, àwọn gogoro bíríkì tí kò ní fèrèsé sì dúró tì wọ́n láti gbé àtẹ̀gùn àti afẹ́fẹ́ búburú jáde. August Komendant, ẹnjiníà tí a bí ní Estonia bíi Kahn, ni ó ṣe ìṣirò àwọn òpó àti igi ìdábùú kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn dé ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1961, Mùsíọ́mù Iṣẹ́ Ọnà Òde-òní ní New York ṣe àfihàn kan lórí ilé yìí nìkan ṣoṣo. Àwọn ayàwòrán-ilé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní ẹjọ́ tiwọn. Oòrùn ń wọlé jù, débi pé wọ́n ń lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé. Àyè há fún àwọn kan, erùpẹ̀ sì ń jọ sórí àwọn páìpù tí kò ní ìbòrí. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ wò gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe wà ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí kíláàsì Kahn, àléébù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rí i. Ohun tí ó yá ayàwòrán-ilé tí ń kọ́ni sọ́tọ̀ nìyí: àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ilé tí ó dúró lójú gbogbo ènìyàn ni.

Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀

Kíláàsì tí Kahn di olókìkí fún ní Pennsylvania ni ti àwọn tí ń gba oyè kejì. Wọ́n ń pàdé nínú ilé-ìkàwé àtijọ́ tí Frank Furness kọ́ fún yunifásítì náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò dá nìkan kọ́ wọn: Norman Rice, tí wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́, àti Robert Le Ricolais, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, máa ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà.

Kahn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye yàrá tàbí iye mítà. Ó máa ń bèèrè ohun tí ilé náà fẹ́ jẹ́. Bí iṣẹ́ tí ó gbé fún wọn bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ronú nípa bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó jókòó lábẹ́ igi, tí kò mọ̀ pé olùkọ́ ni òun, tí ó ń bá àwọn kan sọ ohun tí ó yé e, tí àwọn náà kò sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn. Lójú Kahn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láyé ti abẹ́ igi yẹn wá. Ẹni tí ó bá gbàgbé igi náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti yàrá lásán ni yóò yà.

Bákan náà ni ó ń kọ́ wọn pé ohun tí a fi ń kọ́lé ní ìwà tirẹ̀. Á ní kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ bíríkì ohun tí ó wù ú. Ìdáhùn tí ó máa ń fún un ni pé bíríkì fẹ́ràn kí wọ́n fi ṣe ojú-ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Bí ayàwòrán-ilé bá sọ fún un pé òpó kọnkéré tí a fi dábùú dẹ́rùn ní owó, bíríkì kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kò tètè lóye rẹ̀, nítorí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń pa òwe, ó sì máa ń fún ọ̀rọ̀ lásán ní ìtumọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú èédú, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, ọ̀rọ̀ náà a yé wọn.

Bí kíláàsì ṣe ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀

Ọ́fíìsì Kahn wà ní òpópónà Walnut ní Philadelphia, kò sì jìnnà sí yunifásítì. Ó máa ń ti kíláàsì bọ̀ sí ọ́fíìsì, iṣẹ́ a sì máa lọ di òru. Díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn níhìn-ín, ó ń gbé wọn lọ sọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ Salk fi èyí hàn dáadáa. Ní ọdún 1959, Jonas Salk, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀, wá wo ilé Richards ní Philadelphia nítorí pé ó fẹ́ kọ́ ilé ìwádìí tirẹ̀ ní La Jolla, lẹ́bàá òkun Pàsífíìkì. Kahn kọ́kọ́ ya àwọn gogoro tí ó jọ ti Richards fún un. Wọn kò lo àwòrán yẹn. Nígbà tí ó yá, tí wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán mìíràn pàápàá, Salk tún ní kí wọ́n tún un ṣe, Kahn sì tún un ṣe.

Ilé tí wọ́n parí ní ọdún 1965 dáhùn àwọn ẹjọ́ tí Richards fà. Yàrá ìwádìí kò ní òpó kankan láàrin, kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè tò ó bí wọ́n ṣe fẹ́. Láàrin àjà kan àti èkejì, odindi ilẹ̀ kan wà fún páìpù àti ẹ̀rọ, tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ kí ó tún wọn ṣe. Àwọn yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ronú dá dúró ní tiwọn, fèrèsé wọn sì kọjú sí òkun. Láàrin apá méjèèjì ni àgbàlá olókùúta wà, omi tín-ín-rín kan sì ń ṣàn lọ sí ìhà òkun. Kahn ti fẹ́ gbin igi síbẹ̀, ṣùgbọ́n Luis Barragán, ayàwòrán-ilé ọmọ orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má gbin ohunkóhun. Kahn, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, gba ìmọ̀ràn náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Éṣíà

Ọ̀nà ẹ̀kọ́ náà ni iṣẹ́ Éṣíà gbà wá. Balkrishna Doshi, ayàwòrán-ilé ọmọ Índíà tí òun náà ń kọ́ni, ni ó jẹ́ kí wọ́n pe Kahn sí ìlú Ahmedabad ní ọdún 1962 láti ṣe Ilé-ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso ti Índíà. Bíríkì àdúgbò ni ó fi kọ́ ọ, pẹ̀lú àwọn ihò róbótó ńlá lára ògiri tí ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí ó sì ń dá oòrùn dúró níta. Ohun tí ó ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa bíríkì di odindi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọdún kan náà, ìjọba Pakístàn gbé iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Dhaka fún un. Muzharul Islam, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ náà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yale, ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Òun ni ó ní kí wọ́n pe ayàwòrán-ilé tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káyé, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òun lè rí ohun kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ogun ọdún 1971 dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí ó parí, orílẹ̀-èdè Bangladesh ni ó ti bí. Orílẹ̀-èdè tuntun náà kò pa ilé yìí tì. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1982, lẹ́yìn ikú Kahn, ó sì gba Ẹ̀bùn Aga Khan fún Ìyàwòrán-ilé ní ọdún 1989. Kọnkéré tí wọ́n fi ìlà mábù funfun là láàrin ni ògiri rẹ̀, omi sì yí i ká.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Ilé-ìkàwé Phillips Exeter ní New Hampshire àti Mùsíọ́mù Kimbell ní Fort Worth, Texas, parí ní ọdún 1972. Ní Exeter, ẹni tí ó bá wọlé yóò rí àwọn ìwé láti inú ihò róbótó ńláńlá tí ó yí gbọ̀ngàn àárín ká, àwọn tábìlì ìkàwé sì wà ní ẹ̀bá fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ní Kimbell, òrùlé kọnkéré gígùn tí ó tẹ̀ kọdọrọ ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n la orí wọn láti òkè kí oòrùn lè wọlé, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lábẹ́ ibẹ̀ tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sára àjà, kí ó má ba àwọn àwòrán jẹ́.

Ilé tí ó ṣe gbẹ̀yìn fún Yale, Ilé Iṣẹ́ Ọnà Brítéènì, ṣí ní ọdún 1977. Ó kọjú sí Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọnà ti ọdún 1953 ní òdì-kejì òpópónà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ńlá àkọ́kọ́ Kahn dé ìkẹyìn.

Ohun tí ó ná an

Kahn gba ìwé-ẹ̀rí wúrà ti Àjọ Àwọn Ayàwòrán-ilé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971, ó sì gba ti Brítéènì ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Ó máa ń ya àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí ẹni pé iṣẹ́ oníbàárà náà jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó gbé ọdún lé lórí ni wọn kò kọ́ rárá, sínágọ́gù Hurva ní Jerúsálẹ́mù sì wà lára wọn.

Ilé rẹ̀ náà kò dúró lójú kan. Ó bí ọmọ mẹ́ta fún obìnrin mẹ́ta: Sue Ann láti ọ̀dọ̀ Esther, Alexandra láti ọ̀dọ̀ Anne Tyng, àti Nathaniel láti ọ̀dọ̀ Harriet Pattison, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣètò ọgbà àti àyíká ilé. Tyng àti Pattison jọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, orúkọ Kahn nìkan ni ayé ń dá. Nathaniel, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ṣe fíìmù kan ní ọdún 2003 láti wá bàbá tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, nípa lílọ wo àwọn ilé tí ó fi sílẹ̀.

Ikú rẹ̀

Ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 1974, Kahn ń ti Índíà bọ̀ níbi tí ó ti lọ wo iṣẹ́. Àrùn ọkàn pa á ní ibùdókọ̀ ojú irin Pennsylvania ní New York, nígbà tí ó ń lọ sílé. Ó ti fa ìlà sórí àdírẹ́sì tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, nítorí náà ó gba ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Ọmọ ọdún 73 ni. Gbèsè tí ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ lé ní 400,000 dọ́là.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania ra àwọn àwòrán, àwòṣe àti lẹ́tà ọ́fíìsì rẹ̀, èyí tí ó ṣèrànwọ́ láti san gbèsè náà. Wọ́n fi wọ́n sí ìkáwọ́ Yunifásítì Pennsylvania, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùwádìí ti ń wò wọ́n títí di òní. Báyìí ni iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ṣe parí sínú ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò ṣe irú ilé kan náà. Robert Venturi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ràn án lọ́wọ́ nínú ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà lẹ́yìn náà yàtọ̀ pátápátá. Moshe Safdie àti Renzo Piano náà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Piano ni ó sì wá ṣe ilé tuntun tí wọ́n fi kún Mùsíọ́mù Kimbell ní ọdún 2013. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ọgbà ìrántí Franklin Roosevelt ní New York, èyí tí Kahn ti ń ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó kú. Ó ti lé ní ọdún 35 tí olùkọ́ náà ti lọ kí iṣẹ́ yìí tó di ohun tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀.